Ọkọ̀ Abìyẹ́ àti Ọkọ̀ Aláìníyẹ̀ẹ́: Ohun tí Eré Orí Amọ̀ Kọ́ Ilé Mi

Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Nínú ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìtumọ̀ òwe náà. Ọmọ Èkìtì tí kò bá tíì fojú kan iyán, kò tíì jẹun. Ìjẹ̀bú gba ti ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́. Ẹ̀gbá ní láfún ni oúnjẹ, ìpanu ni ìyókù. Ará Ìbàdàn kò sì ní fi àmàlà dúdú pẹ̀lú gbẹ̀gìrì wé ohunkóhun láyé. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn ìlú wọ̀nyí jọ láti pín oúnjẹ fún wọn. Ohun tí ilẹ̀ ń hù, àti ohun tí ìyá ń rò lórí iná nígbà tí ọmọ kọ́kọ́ lajú, ni ó pín in. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo ti tún rí irú ìpín bẹ́ẹ̀, nínú eré ọkọ̀.

Eré ọkọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ti orí ọ̀dà tí ayé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Orí amọ̀ ni wọ́n ti ń sá a, lórí pápá roboto tí àyíká rẹ̀ kì í sábà ju ìdajì máìlì lọ. Wọn yóò bomi rin amọ̀ náà, wọn yóò fi ọkọ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó le, eré yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń yà nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n nítorí pé amọ̀ ń yọ̀, awakọ̀ yóò dojú imú ọkọ̀ kọ inú pápá, yóò yí táyà iwájú sí ọ̀tún, ọkọ̀ yóò sì máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Ẹni tí ó bá jókòó nítòsí ìyànà yóò gbé amọ̀ relé lára aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó kan ọmọ Yorùbá nínú eré àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ó kàn mí. Àkọ́bí mi ọkùnrin, tí a bí sí ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ni ó gbé eré yìí wọ ilé wa. Nígbà tí a kó kúrò níbẹ̀ ni mo tó rí bí gbòǹgbò rẹ̀ ti jìn tó nínú ọkàn rẹ̀.

Agbègbè Mechanicsburg ni a ń gbé, nítòsí Harrisburg tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Àwọn ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá pọ̀ níbẹ̀, inú ọ̀kan nínú wọn ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Bàbá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ni ó sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ mọ àwọn ará ibẹ̀, kí n wá sí Williams Grove ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Pápá Williams Grove ti wà láti ọdún 1939. Ọjọ́ Ẹtì ni tirẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta, èrò kan náà yóò pín sí méjì: àwọn kan yóò lọ sí Lincoln Speedway ní Abbottstown, àwọn yòókù yóò gba Port Royal lọ. Wọ́n ń ná àwọn pápá wọ̀nyí bí a ti ń ná ọjà ọrọọrún nílé.

Sprint car ni ọkọ̀ tí wọ́n ń sá níbẹ̀, oríṣi tí wọ́n ń pè ní 410 nítorí ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni, kò wúwo ju bíi kílò 650 lọ, ṣùgbọ́n agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti ẹṣin 900. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní bátìrì. Ọkọ̀ mìíràn ni ó ń tì í láti ẹ̀yìn kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó dáhùn, bí a ti ń ti dánfó tí bátìrì rẹ̀ kú ní Òṣòdì. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún rẹ̀ tóbi ju ti òsì lọ kí ó lè rọrùn fún un láti yà. Lórí gbogbo èyí ni wọ́n gbé ìyẹ́ ńlá kan lé, pátákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí táyà lè di amọ̀ mú. Nígbà tí ogún ó lé mẹ́rin irú rẹ̀ bá jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ìró rẹ̀ yóò wọ àyà ènìyàn kí ó tó wọ etí rẹ̀.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọ mi nígbà tí a kọ́kọ́ lọ. Ó fi ìka di etí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó ti mọ nọ́ńbà ọkọ̀ gbogbo. Ó mọ awakọ̀ tí ó fẹ́ràn láti gba òkè pápá lẹ́bàá ògiri, ó mọ èyí tí ó ń gba ìsàlẹ̀. Àwọn bàbá arúgbó tí ó jókòó níwájú wa a máa bi í pé ta ni yóò mókè ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọn a sì fetí sí ìdáhùn rẹ̀.

Kì í ṣe ariwo nìkan ni ó so àwọn ará ibẹ̀ mọ́ sprint car. Ní ọdún 1978, Ted Johnson dá ẹgbẹ́ World of Outlaws sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ náà a máa rin Amẹ́ríkà ká láti pápá dé pápá bí ẹgbẹ́ alárìnjó. Steve Kinser, ọmọ Indiana, gba ipò kìn-ín-ní ọdún láàárín wọn ní ìgbà 20. Ṣùgbọ́n bí àwọn arìnrìn-àjò yìí bá dé àárín gbùngbùn Pennsylvania, àwọn ọmọ onílẹ̀ yóò ti máa dúró dè wọ́n. Pennsylvania Posse ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn awakọ̀ ìbílẹ̀ wọ̀nyí, bí ìgbà tí a bá sọ pé ẹ̀ṣọ́ ìlú. Ọ̀kan nínú wọn ni Lance Dewease, tí ó ti mókè ju ìgbà 100 lọ ní Williams Grove nìkan. Mo ti rí ìyá àgbà tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó dìde fò sókè nítorí pé ọmọ abúlé kejì yọ àlejò sílẹ̀ ní àyíká ìkẹyìn. Ìlú rẹ̀ ni ìyá yẹn ń ṣọ́ lórí ìjókòó yẹn.

Bí ènìyàn bá sì wa ọkọ̀ láti ibẹ̀ fún bíi wákàtí mẹ́ta péré sí apá àríwá ìlà-oòrùn, yóò dé ibi tí àṣà ti yí padà. Ní Middletown àti ní Lebanon Valley ní ìpínlẹ̀ New York, ní New Jersey, títí wọ Quebec ní ilẹ̀ Kánádà, modified tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi ni ọba. Inú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ gé kúrú fún eré ni irú ọkọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Glenn Donnelly ni ó kó ọ̀pọ̀ pápá agbègbè náà sábẹ́ òfin kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà lè sá níbi gbogbo. Láti ọdún 1972 títí di 2015, wọ́n ń pàdé lọ́dọọdún ní pápá olómáìlì kan ní Syracuse. Nígbà tí wọ́n pa pápá náà tì, wọ́n gbé àpèjọ ọ̀hún lọ sí Oswego. Bí ẹ bá dárúkọ Brett Hearn, ọmọ New Jersey tí ó ti mókè ju ìgbà 900 lọ, fún wọn, ojú wọn yóò tàn. Bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ ní Georgia, ọ̀pọ̀ yóò ní ta ni ìyẹn.

Ní Indiana ẹ̀wẹ̀, sprint car kan náà ni wọ́n fẹ́ràn, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí a yọ ìyẹ́ rẹ̀. Lójú wọn, ìyẹ́ a máa ran awakọ̀ lọ́wọ́ jù. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ kí ó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ di ọkọ̀ mú. Ìtàn ni ó fa èyí. Títí di ọdún 1970, eré orí amọ̀ wà lára ìdíje tí àwọn awakọ̀ Indianapolis ń sá fún ipò ọdún, ọkọ̀ aláìníyẹ̀ẹ́ ni àwọn baba wọn sì fi sá a. Lóṣù keje ọdọọdún, wọ́n a máa ti Kokomo lọ sí Terre Haute àti àwọn pápá mìíràn, alẹ́ lẹ́yìn alẹ́.

Ní Iowa, ìfẹ́ pín sí méjì nínú ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo. Ìlú kékeré ni Knoxville, síbẹ̀ láti ọdún 1961 ni wọ́n ti ń sá ìdíje sprint car tí ó lókìkí jù lọ níbẹ̀, ní oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ pápá abúlé ibẹ̀ jẹ́ ti modified olówó pọ́ọ́kú tí ẹgbẹ́ IMCA bẹ̀rẹ̀ ní 1979. Wọ́n ṣe òfin kan tí ó dùn mọ́ mi: ẹni tí ọkọ̀ mìíràn bá borí lè san iye kan tí òfin dá, kí ó sì gba ẹ́ńjìnnì ẹni tí ó mókè. Ta wá ni yóò ná owó ilé sórí ẹ́ńjìnnì tí ẹlòmíràn lè rà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó? Àgbẹ̀ àti mẹkáníìkì lè sá eré nítorí òfin yìí, ará ìlú sì ń wá wò wọ́n nítorí pé aládùúgbò wọn ni.

Apá gúúsù ni a kó lọ. Ìyàwó mi jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó rí iṣẹ́ tí ó dára ní tòsí Atlanta, ọmọ wa sì jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàlá. Ní gúúsù, late model ni wọ́n ń sìn. Ọkọ̀ yìí fẹ̀, ó rẹlẹ̀, wọ́n fi páànù bò ó láti imú dé ìdí, ó sì ní òrùlé. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ kan ní òkè Georgia àti Carolina ń fi ọkọ̀ gbé ọtí tí ìjọba kò fọwọ́ sí, bí ògógóró tiwa láyé àwọn òyìnbó amúnisìn. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilé ṣe kí ọlọ́pàá má baà bá wọn. Nígbà tí wọ́n bá pàdé lọ́jọ́ ìsinmi, wọn a fi ọkọ̀ náà díje lórí pápá oko. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó jọ ti ẹnu ọ̀nà ilé ni ó wọ̀ wọ́n lọ́kàn.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo mú ọmọ náà lọ sí Dixie Speedway ní Woodstock. Amọ̀ ibẹ̀ pupa bí ilẹ̀ ìyá mi, inú mi sì dùn láti rí i. Ọmọ mi kò sọ̀rọ̀ títí eré kẹta fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọkọ̀ yìí ní òrùlé. Kò ní ìyẹ́."

Mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ fi pẹ̀lẹ́ gbọ́ òkodoro lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì tuntun bi í pé níbo ni ó ti wá. Ó ní Mechanicsburg. Wọ́n ní rárá, níbo gan-an. Ní Pennsylvania, kò sí ẹni tí ó ń bi í bẹ́ẹ̀ lórí ìjókòó pápá, bí àwọn tí àwọ̀ wọn jọ tiwa tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Àwọn nọ́ńbà ọkọ̀ tí ó wà lórí rẹ̀, àwọn orúkọ tí ó mọ̀, àwọn ni ìwé ẹ̀rí tí ó fi jẹ́ ọmọ onílẹ̀. A kó dé Georgia, ìwé ẹ̀rí náà kò níye lórí mọ́. Ó ti fi ilé ara rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ kàn ń pààrọ̀ iṣẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn fún un ní alẹ́. Mo sọ fún un pé láti ọdún 1924 ni àwọn aláwọ̀ dúdú ti ní eré tiwọn lórí pápá amọ̀ olómáìlì kan ní Indianapolis, tí wọ́n ń pè ní Gold and Glory, nítorí pé wọn kò jẹ́ kí wọ́n bá àwọn aláwọ̀ funfun sá. Charlie Wiggins, tí ó jẹ́ mẹkáníìkì, gba ife ẹ̀yẹ rẹ̀ nígbà mẹ́rin. Mo sọ ti Wendell Scott, ọmọ Danville ní Virginia. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá 1963, ó mókè lórí pápá amọ̀ ní Jacksonville ní Florida, nínú eré NASCAR tí ó ga jù lọ. Wọ́n gbé ipò náà fún Buck Baker. Nígbà tí èrò ti tú ká ni wọ́n tó gbà pé Scott ni ó mókè. Wọn kò gbé ife ẹ̀yẹ náà lé e lọ́wọ́ títí ó fi kú ní 1990. Ọdún 2021 ni wọ́n tó fa ife kan lé àwọn ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ mi béèrè pé, "Ṣé ó tún padà lọ sá eré lẹ́yìn ìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó dákẹ́, ó sì sùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a padà sí Woodstock. Ẹ̀wù Williams Grove tí ìyẹ́ wà lára àwòrán rẹ̀ ni ó wọ̀. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó lẹ́yìn wa rí ẹ̀wù náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọkọ̀ tí ó fi ìbùsùn lé orí yẹn ni ẹ ń pè ní ọkọ̀ eré lọ́dọ̀ yín?" Ọmọ mi yíjú padà. Ó fún un lésì pé ọkọ̀ abìyẹ́ yóò ti parí eré, yóò sì ti wẹ̀, kí late model tó dé ìdajì ọ̀nà. Ìyá náà ní eré sísá yàtọ̀ sí ìwakọ̀. Kí ó wá wo bí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti ń fara gbúnra láìdojú dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti Scott Bloomquist fún un, ará Tennessee tí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ òdo, tí ó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù kẹjọ 2024. Ọmọ mi sọ ti Posse fún un. Láti ìgbà tí a ti kó dé, n kò gbọ́ kí ó sọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá náà kò bi í níbo ni ó ti wá gan-an. Ó ti rí i kà lára ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ti gbà á gbọ́. Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ ṣaláìmọ irú ìkíni yìí. Bí Ìjẹ̀ṣà bá pàdé Ìjẹ̀bú, ẹ̀fẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi lu ara wọn kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà ilé. Ẹni tí a kò kà sí, a kì í bá a jiyàn. Iyàn jíjà lórí ohun tí ìlú ẹni fẹ́ràn jẹ́ ọ̀nà kan láti sọ pé, mo mọ̀ pé ìwọ náà ní ìlú.

Ní oṣù kẹsàn-án, a wa ọkọ̀ lọ sí Eldora ní Rossburg, ìpínlẹ̀ Ohio. Earl Baltes ni ó kọ́ pápá náà ní 1954, Tony Stewart sì rà á ní 2004. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ń sá World 100 ti late model níbẹ̀, ibẹ̀ kan náà sì ni àwọn sprint car ti ń jà fún Kings Royal ní oṣù keje. Mo ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ àwọn òǹwòran níbi tí wọ́n pàgọ́ sí: Tennessee, Indiana, Iowa, New York, Kentucky, Pennsylvania. Wọ́n ń dáná, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ láti àgọ́ kan dé èkejì. Ọkọ̀ tí kò sí ìyẹ́ lórí rẹ̀ ni a lọ wò, ọmọ mi sì dìde dúró láti àyíká kìn-ín-ní títí dé ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a ń jáde, mo bi í pé ṣé ó ti di ará gúúsù. Ó ní, "Rárá o, Dádì. Ọmọ Posse ni mí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí wọ́n ń rí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ní ilé tàbí ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn sọ ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Kò sí ẹni tí ó ní kí ẹ da iyán yín nù kí ẹ tó lè jókòó níbi àmàlà. Ẹ lọ síbi tí àwọn ará ìlú ti ń pariwo ní ọjọ́ ìsinmi wọn, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń rí, ẹ sì sọ tiyín fún wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kó ọmọ káàkiri nítorí oúnjẹ òòjọ́, ẹ wo inú ẹrù ọmọ dáadáa. Ohun tí ó dà bí eré ọmọdé níbẹ̀ lè jẹ́ ìlú rẹ̀ tí ó dì mọ́ aṣọ.